Polyurethane Wo, Okùn Wo? Ìfiwéra fún Yíyan Bẹ́líìtì Eléyín Ilé-Iṣẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra bẹ́líìtì eléyín tí wọ́n fi polyurethane (ike tó ń tẹ̀ bíi rọ́bà) ṣe, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní timing belt, ohun méjì ló ń yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀ ń rí. Àkọ́kọ́ ni ara bẹ́líìtì náà, ìyẹn polyurethane tó di eyín àti ẹ̀yìn rẹ̀. Èkejì ni okùn tó wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí a kì í sábà rí àfi bí wọ́n bá gé bẹ́líìtì náà. Ara ló ń kojú omi, epo, ooru, eruku àti ọjà tó ń gun orí rẹ̀. Okùn ló ń gbé ẹrù, òun ló ń pinnu bí bẹ́líìtì yóò ti nà tó, òun náà ló sì ń pinnu iye ìgbà tí bẹ́líìtì lè tẹ̀ yí púlì (kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí) ká kí ó tó já.

Nínú ìfiwéra yìí, mo fẹ́ gbé àwọn ohun èlò wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́nà tí ẹ̀yin tí ń ṣe ẹ̀rọ, ẹ̀yin tí ń tún un ṣe àti ẹ̀yin tí ń ra ohun èlò fún ilé-iṣẹ́ yóò fi lè yàn láìjẹ́ pé ohun tí òǹtajà bá ní lọ́wọ́ ló yàn fún yín. Èrò tèmi ni pé ohun tí yóò máa kan bẹ́líìtì lójoojúmọ́ ló yẹ kó yan polyurethane, púlì tó kéré jù lọ nínú ẹ̀rọ ló sì yẹ kó yan okùn. Ìwọ̀n ẹrù tí okùn lè gbé, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ipò kẹta ni mo fi í sí, nítorí pé a lè ra bẹ́líìtì tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó lè gbé ẹrù sí i, ṣùgbọ́n kò sí bí bẹ́líìtì ṣe lè fẹ̀ tó tí okùn tó nípọn jù yóò fi fara da púlì kékeré.

Rọ́bà tàbí polyurethane

Kí a má fi owó ṣòfò, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá polyurethane ni iṣẹ́ náà nílò. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe àwọn bẹ́líìtì eléyín àkọ́kọ́, rọ́bà náà ló sì wà nínú ẹ̀ńjìnnì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ títí di òní. Rọ́bà tí okùn gíláàsì wà nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìpariwo púpọ̀, ó ń fara da ooru tó sún mọ́ 100 °C, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dín. Polyurethane lásán kì í fẹ́ ooru tó kọjá 80 °C fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bẹ́líìtì bá jẹ́ kíkó agbára mọ́tò lọ sára ọ̀pá kan nínú àpótí tí epo kò lè dé, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi sá fún rọ́bà.

Polyurethane wúlò ju rọ́bà lọ níbi tí bẹ́líìtì ti ń gbé ọjà rìn, tàbí tí ó ń gbé orí ẹ̀rọ lọ síbi kan pàtó tí ó sì ń dá a padà. Kì í tú eruku dúdú sórí ọjà bíi rọ́bà, epo àti gíríìsì kì í tètè mú un wú, ara rẹ̀ kì í tètè họ, a sì lè gé e láti inú róòlù gígùn kí a fi ooru lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ìwọ̀n tí a bá fẹ́. Ọdún 1937 ni Otto Bayer àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣàwárí polyurethane ní Leverkusen ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Orílẹ̀-èdè yìí kan náà ni eyín oní-mítíríìkì tí a mọ̀ sí T5, T10, AT5 àti AT10 ti gbilẹ̀, tí nọ́ńbà tó wà nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ń sọ iye mìlímítà tó wà láti àárín eyín kan dé àárín èkejì.

Polyester àti polyether

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí pé ojú lásán kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n omi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Polyurethane tí wọ́n ń yọ́ láti fi ṣe bẹ́líìtì ní apá líle àti apá rírọ̀ nínú. Apá rírọ̀ yẹn lè jẹ́ polyester, ó sì lè jẹ́ polyether.

Polyester lágbára jù nípa fífa àti yíya, ara rẹ̀ ń fara da ìfarahọ dáadáa, epo ẹ̀rọ kì í sì í ráyè wọ inú rẹ̀. Nítorí èyí ni ó fi wọ́pọ̀ nínú bẹ́líìtì tí wọ́n ń tà fún gbogbo iṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni omi gbígbóná àti ọ̀rinrin. Omi a máa já ìsopọ̀ tó wà nínú polyester, ooru a máa mú kí iṣẹ́ ìparun náà yá kíákíá, àwọn èròjà kíkan tí jíjá yìí ń bí a sì tún máa ran ìyókù lọ́wọ́ láti já. Ẹni tó bá ti gbé bàtà tó rẹwà pamọ́ sínú páálí rẹ̀ fún ọdún díẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wá fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ti rí iṣẹ́ yìí gan-an, nítorí pé polyurethane ti polyester wà nínú ọ̀pọ̀ irú àtẹ́lẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́líìtì tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí a máa ya lára, eyín rẹ̀ a sì máa ṣí kúrò lára okùn láìjẹ́ pé ẹrù tó pọ̀ jù ló fà á.

Polyether kì í tètè gbà fún omi. Ó dúró dáadáa níbi tí wọ́n ti ń fi omi gbígbóná fọ ẹ̀rọ lójoojúmọ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú ọ̀rinrin kì í tètè jẹ ẹ́, ó sì tún máa ń rọ̀ nínú òtútù ju polyester lọ, èyí tó mú kó dára fún yàrá tí wọ́n ti ń mú ẹja àti ẹran dì. Àléébù tirẹ̀ ni pé epo àti ìfarahọ ń mú un ju bí wọ́n ti ń mú polyester lọ.

Fún ilé-iṣẹ́ tó wà ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ní Àgbárá, Ọ̀tà, Ìkẹjà tàbí Ìbàdàn, ìbéèrè yìí kì í mọ sórí ẹ̀rọ nìkan, ó kan yàrá ìkẹ́rùsí pẹ̀lú. Bẹ́líìtì polyester tí wọ́n tò sábẹ́ òrùlé páànù tó gbóná, nínú afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin, ti ń gbó lórí pẹpẹ kí ó tó rí púlì rí. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ gbígbẹ tí epo sì ń kán sí i, polyester ni kí ẹ rà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ra èyí tí yóò tó yín lò fún ọdún púpọ̀, kí ẹ sì béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí omi, ọṣẹ tàbí ọ̀rinrin bá wà nínú iṣẹ́ náà, mo fara mọ́ polyether láìsí iyèméjì, kódà bí òǹtajà bá sọ pé èkejì lágbára jù.

Líle, àwọ̀ àti aṣọ ojú eyín

Ìwọ̀n líle tó wọ́pọ̀ jù fún ara bẹ́líìtì polyurethane ni 92 Shore A (Shore A ni òṣùwọ̀n líle rọ́bà àti ike rírọ̀; bí nọ́ńbà bá ti ga tó ni líle rẹ̀). Èyí tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 85 Shore A, máa ń di ọjà mú dáadáa, ó sì ń tẹ̀ nírọ̀rùn, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ a máa fì bí ẹrù bá wúwo. Èyí tó le jù 92 lọ a máa gbé ẹrù lórí eyín láìyí padà, àmọ́ ó ń fẹ́ púlì tó tóbi. Bí kò bá sí ìdí pàtàkì kan, ẹ dúró sí orí 92.

Nípa àwọ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ oúnjẹ fẹ́ràn búlúù nítorí pé oúnjẹ aláwọ̀ búlúù kò wọ́pọ̀, tí ègé bẹ́líìtì kan bá sì já sínú ìyẹ̀fun tàbí bísíkíìtì, a ó tètè rí i. Síbẹ̀, àwọ̀ kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ tí NAFDAC ń bẹ̀ wò, tàbí tó ń kó ọjà lọ sí òkè òkun, gbọ́dọ̀ gba ìwé tó sọ pé ohun èlò náà bá òfin FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, tàbí òfin 10/2011 ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù mu, kí ìwé náà sì dárúkọ oríṣi bẹ́líìtì tí wọ́n rà gan-an.

Wọ́n tún lè fi aṣọ náílọ́ọ̀nù bo ojú eyín tàbí ẹ̀yìn bẹ́líìtì. Polyurethane lásán máa ń di mọ́ irin tó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, nítorí náà aṣọ yìí ń dín ìdìmọ́ àti ariwo kù níbi tí bẹ́líìtì gígùn ti ń fà lórí pẹpẹ irin tàbí ti ike. Náílọ́ọ̀nù ń mu omi, fún ìdí èyí n kò ní í fi sí ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀rọ. Níbi tí eruku ìyẹ̀fun tàbí ti ọkà wà, ẹ béèrè èyí tí kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kó jọ sára bẹ́líìtì, nítorí pé irú eruku bẹ́ẹ̀ lè gbiná lójijì bí ìtapàrà kékeré bá bọ́ sínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe so bẹ́líìtì pọ̀ ṣáájú ohun tó wà nínú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi okùn kan wé òmíràn láìrántí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe bẹ́líìtì lè gba ìdajì agbára okùn náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́líìtì tí wọ́n tà ní gígùn, tí a ó di orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ara ohun tó ń rìn, ní okùn tí kò já láti orí dé ìdí, nítorí náà gbogbo agbára rẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí ni ó yẹ ẹ̀rọ tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí ìlà títọ́. Bẹ́líìtì tí wọ́n gé lórí bí ìka ọwọ́ tó wọnú ara wọn, tí wọ́n sì fi ooru lẹ̀ pọ̀, ti ní okùn tí wọ́n gé níbi ìsopọ̀. Polyurethane nìkan ló di ibẹ̀ mú, agbára tí a sì lè gbé lé e sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti èyí tí kò ní ìsopọ̀. Èyí tó fún kọ̀nfẹ́yọ̀ tó ń gbé páálí àti ìgò, kò sì ní ìtìjú kankan nínú. Ẹ̀kẹta ni bẹ́líìtì àìlópin, tí wọ́n yí okùn rẹ̀ ká bí òwú lára kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó da polyurethane bò ó. Òun ló yẹ fún kíkó agbára mọ́tò, nítorí kò ní ibi àìlera.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí kò yẹ kí a fojú fò dá. Polyurethane tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì fún jáde tún lè yọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ìdí nìyẹn tí a fi lè fi ooru lẹ àwọn ìdúró kéékèèké mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti máa ti ọjà lọ. Polyurethane tí wọ́n dà sínú àwòṣe ní olómi, tó sì le síbẹ̀, kì í yọ́ mọ́, a kò sì lè fi ooru so ó pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ti ọjà gun òkè lórí kọ̀nfẹ́yọ̀ gbọ́dọ̀ yan èyí àkọ́kọ́, okùn yòówù kí ó fẹ́.

Okùn irin

Irin ni àwọn tó ń ṣe bẹ́líìtì polyurethane máa ń lò bí ẹni tó ra á kò bá sọ nǹkan mìíràn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Wọ́n lọ́ àwọn fọ́nrán irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi síńkì bò pọ̀ di okùn. Ìdajì àwọn okùn náà ń lọ́ sí apá ọ̀tún, ìdajì sí apá òsì, tí wọ́n ń tò wọ́n ní méjì-méjì, kí bẹ́líìtì má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí púlì.

Ohun tí irin fi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni pé kì í nà púpọ̀, kì í sì í gùn sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ló ń ka ìnà ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún sí òpin níbi tí ẹrù bá dé góńgó ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Lórí bẹ́líìtì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3, èyí jẹ́ mìlímítà 12, tó pọ̀ jù fún ẹ̀rọ tó ń gé igi tàbí tó ń lu ihò. Bí a bá wá mú ẹrù náà wá sí ìdá mẹ́rin kan, ìnà náà a dín sí mìlímítà 3. Nítorí náà, nínú ẹ̀rọ tí ibi ìdúró rẹ̀ gbọ́dọ̀ péye, kì í ṣe kí bẹ́líìtì má já ni a fi ń yan ìbú rẹ̀, kí ó má nà ni. Ìyàtọ̀ T10 àti AT10 sì wà níbí: eyín méjèèjì jìnnà síra ní mìlímítà 10, ṣùgbọ́n eyín AT tóbi jù, okùn rẹ̀ sì nípọn jù, kí ó lè gbé ẹrù sí i kí ó sì dín ìnà kù.

Okùn tó nípọn yìí ló wá ń bá púlì kékeré jà. Bí okùn bá ń tẹ̀ yí púlì ká, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń nà ní ẹ̀yìn, ó sì ń fún pọ̀ ní iwájú. Fọ́nrán tó nípọn ní ìlọ́po méjì ń rí ìnira ìlọ́po méjì lórí púlì kan náà. Ẹ wo bẹ́líìtì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 2, tó ń sáré ní mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí púlì méjì: ibikíbi lára rẹ̀ ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ẹ̀rọ bá sì fi máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí 16, ó ti tẹ̀ ju ìgbà 115,000 lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Irin kì í dárí ji irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí púlì bá kéré jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé ìlànà fi sábà máa ń fàyè gba púlì eléyín 10 fún T5, tí ìlà tí irin rẹ̀ ń gbà yí ká jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 16 ní ìbú, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń béèrè eyín 15 fún AT5, tí tirẹ̀ sún mọ́ mìlímítà 24. Bí púlì kan bá tún wà tó ń ti ẹ̀yìn bẹ́líìtì, tí bẹ́líìtì wá ń tẹ̀ síwájú tó sì ń tẹ̀ sẹ́yìn, púlì gbọ́dọ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi tí àyè kò bá sí fún púlì ńlá, irin tí fọ́nrán rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì pọ̀ ni ọ̀nà àbáyọ. Okùn tó ní fọ́nrán 49 nínú ń tẹ̀ nírọ̀rùn ju èyí tó ní fọ́nrán 21 lọ, bí okùn méjèèjì bá nípọn dọ́gba. Owó rẹ̀ lé díẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, òun ni mo rò pé àwọn ènìyàn kì í béèrè tó, nítorí pé ọ̀pọ̀ bẹ́líìtì tí wọ́n ń sọ pé ẹrù ló já a, títẹ̀ ló pa á: àwọn fọ́nrán tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ bí irun ni àmì rẹ̀.

Ọ̀tá kejì irin ni omi. Níbi tí wọ́n bá ti gé bẹ́líìtì sí ìbú tó kéré, okùn lè hàn sí ẹ̀gbẹ́, omi a sì wọlé láàárín àwọn fọ́nrán rẹ̀, a máa rìn lọ sínú lọ́hùn-ún, ìpẹtà a wá ti inú jẹ bẹ́líìtì nígbà tí ara òde ṣì ń dán. Irin stainless, tí kì í tètè dípẹtà, ń yanjú èyí, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré sí ti irin lásán tó nípọn bákan náà, títẹ̀ léraléra sì ń mú un. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ fi ìbú kún bẹ́líìtì, kí ẹ sì fi púlì tó tóbi sí i.

Irin nínú polyurethane tún ní àǹfààní kan tí àwọn okùn mìíràn kò ní. Nínú lífìtì Gen2 tí ilé-iṣẹ́ Otis gbé jáde ní ọdún 2000, bẹ́líìtì pẹlẹbẹ tí okùn irin wà nínú polyurethane rẹ̀ ló rọ́pò okùn wáyà ńlá, wọ́n sì ń fi iná mànàmáná wọn okùn inú rẹ̀ láti mọ bó ti gbó tó. Bẹ́líìtì náà kò ní eyín, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kan náà ni: irin ń sọ ìtàn ara rẹ̀ kí ó tó já, tí a bá ní ohun tí a fi lè gbọ́ ọ.

Aramid

Stephanie Kwolek ló ṣàwárí ohun tó di Kevlar ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní ọdún 1965, Kevlar sì wà lára àwọn okùn àtọwọ́dá alágbára tí a ń pè ní aramid. Bí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n, ìwúwo rẹ̀ kò tó ìdá márùn-ún kan ti irin, nítorí pé ti irin jẹ́ 7.85 gíráàmù fún sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, ti aramid sì jẹ́ 1.44. Kì í dípẹtà, kì í gbé iná mànàmáná, kì í sì í ta ẹ̀rọ tí ń wá irin nínú oúnjẹ lólobó. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló sọ ọ́ di àyànfẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ oúnjẹ: bí bẹ́líìtì bá gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ awárírin kọjá pẹ̀lú bísíkíìtì tàbí ẹran lórí, okùn irin kò lè ṣe é rárá, kódà stainless kò lè ṣe é.

Àmọ́ kò yẹ kí a rò pé aramid ń rọ́pò irin ní ibi gbogbo. Ó ń nà jù ú lọ, nítorí pé líle Kevlar 29 jẹ́ nǹkan bí 70 GPa (òṣùwọ̀n bí ohun èlò ṣe ń kọ̀ láti nà), ti irin sì tó 200. Ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, gígùn rẹ̀ sì lè yí padà díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìtànṣán oòrùn ń ba á jẹ́ níbi tí okùn bá ti hàn síta. Ó tún le láti gé, etí rẹ̀ a sì máa tú bí aṣọ tí wọn kò ṣẹ́tí, àyàfi bí ọ̀bẹ bá mú gan-an. Èyí tó burú jù ni kíká: aramid kì í fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀, nítorí pé fọ́nrán rẹ̀ lágbára nígbà tí a bá ń fà á, ṣùgbọ́n kò lágbára nígbà tí a bá ń fún un pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru tún wà níbí tí ó lè da ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ gígùn láàmú. Ká ní férémù ẹ̀rọ kan gùn ní mítà 10, tí ìwọ̀n ooru yàrá sì yàtọ̀ ní 30 °C láàárín òwúrọ̀ tútù àti ọ̀sán tí ẹ̀rọ ti gbóná. Férémù irin àti okùn irin yóò jọ gùn ní nǹkan bíi mìlímítà 3.6, bẹ́líìtì kò sì ní í mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí férémù bá jẹ́ alumíníọ̀mù, yóò gùn ní nǹkan bíi mìlímítà 7, bẹ́líìtì onírin a sì le sí i. Bí okùn bá wá jẹ́ aramid lórí férémù alumíníọ̀mù, ìyàtọ̀ náà á tún pọ̀ sí i, nítorí pé aramid kì í gùn bí ooru bá dé, ńṣe ló ń súnkì díẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń gba ìyàtọ̀ yẹn mọ́ra.

Kábọ́ọ̀nù, gíláàsì àti polyester

Kábọ́ọ̀nù le bí irin, ó sì fúyẹ́ ju gíláàsì lọ. Ilé-iṣẹ́ Gates ló mú un gbajúmọ̀ nínú bẹ́líìtì Poly Chain GT Carbon, èyí tí wọ́n da polyurethane rẹ̀ sínú àwòṣe, tó ń rọ́pò ṣéènì nínú ẹ̀rọ tó ń gbé agbára ńlá láìfẹ́ òróró. Bẹ́líìtì àìlópin ni, a kò lè gé e láti inú róòlù, owó rẹ̀ ga, kíká rẹ̀ ní igun sì ń dá fọ́nrán rẹ̀ ju ti aramid lọ. Níbi tí ṣéènì ti ń jẹ òróró tí ó sì ń tú u sórí ọjà, owó yẹn tọ́ sí i.

Gíláàsì kò wọ́pọ̀ nínú polyurethane, rọ́bà ni ilé rẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ kékeré bíi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, tí òǹtajà sábà máa ń gbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n ra polyurethane onírin nítorí pé irin le jù. Lórí púlì eléyín 16 tàbí 20 tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ní mìlímítà 2 péré, irin yóò rẹ̀, yóò sì ṣẹ́, rọ́bà tó ní okùn gíláàsì sì máa ń pẹ́ jù ú lọ níbẹ̀. Ní ti okùn polyester, kí ẹ má dà á pọ̀ mọ́ polyurethane ti polyester tí mo sọ lókè. Ó ń nà púpọ̀, ó sì ń gba ìjàgìdì mọ́ra, nítorí náà ó yẹ ẹ̀rọ kékeré tó ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń dúró lójijì, níbi tí ìpéye kò ṣe pàtàkì.

Ẹ̀rọ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ẹ jẹ́ kí a gbé kọ̀nfẹ́yọ̀ bísíkíìtì tó ń gba inú ẹ̀rọ awárírin kọjá, tí wọ́n sì ń fọ̀ lálaalẹ́, síwájú wa. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ti yan polyether, aláwọ̀ búlúù, tó ní ìwé FDA, láìsí aṣọ náílọ́ọ̀nù. Ẹ̀rọ awárírin ti yan aramid. Nítorí pé bẹ́líìtì náà ní ìsopọ̀, ìdajì agbára ni kí ẹ fi ṣírò ìbú rẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀bẹ lọ bọ̀ láti gé pátákó ní ìwọ̀n tó péye. Kò sí omi níbẹ̀, eruku igi àti gíríìsì díẹ̀ ló wà, nítorí náà polyester 92 Shore A tó. Okùn irin nìkan ni mo lè dábàá, AT10 ní gígùn tí a di orí méjèèjì rẹ̀, pẹ̀lú ìbú tí a yàn nítorí ìnà. Ẹ rí i pé eyín tó tó 6, ó kéré tán, ló ń di púlì mú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé lábẹ́ iye yẹn, eyín díẹ̀ ló ń pín gbogbo ẹrù. Bí àyè púlì bá há, irin oní-fọ́nrán púpọ̀ ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe aramid.

Ẹ̀kẹta ni kọ̀nfẹ́yọ̀ tó ń ti àpò gun òkè pẹ̀lú àwọn ìdúró tó yọ lẹ́yìn rẹ̀, nínú yàrá gbígbẹ. Polyurethane tó lè yọ́ nìkan ló ṣeé lò. Okùn irin lásán ló dára jù fún un, ṣùgbọ́n ẹ fi púlì tó tóbi sí i ju ti bẹ́líìtì tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, nítorí pé ibi tí wọ́n lẹ ìdúró mọ́ le, kì í sì í tẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí ọjà bá dé, ẹ béèrè pé kí wọ́n gé orí rẹ̀ kan níwájú yín, bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà ní gígùn. Orí tí wọ́n gé yẹn yóò fi okùn hàn: irin máa ń dán, òòfà sì ń fà á, Kevlar ní àwọ̀ yẹ́lò bíi wúrà, òòfà kì í sì í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kábọ́ọ̀nù dúdú, gíláàsì funfun. Bí wọ́n bá ti ká bẹ́líìtì náà pọ̀ ní igun tí wọ́n sì fi ráńbà dì í kí ó lè gba inú àpò, ẹ dá a padà, okùn yòówù kó wà nínú rẹ̀, nítorí pé fọ́nrán tó ti ṣẹ́ níbi igun yẹn kò ní í hàn sí yín títí ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò dúró.